98 Níka, 2 Nínú Kókó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ọ́síjìn Inú Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn

Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há aláìsàn níka, iná pupa tàn lábẹ́ èékánná, nọ́ńbà hàn: 98. Nọ́ọ̀sì ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì, dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ wo àwòrán ọrùn ẹni kan náà, ó ní kókó tó wà níbẹ̀ kò rí ọ́síjìn tó. Ọmọ tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá sí ọsibítù á wá máa rò ó lọ́kàn pé, èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Ká gba méjèèjì gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí nọ́ọ̀sì wọ̀n, ọ̀tọ̀ ni èyí tí dókítà ń sọ.

Ẹ̀rọ orí ìka ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀. Hemoglóbíìnì ni ọkọ̀ tó ń ru ọ́síjìn káàkiri ara, ohun tí ẹ̀rọ yẹn sì ń sọ ni pé, nínú ìjókòó 100 tó wà nínú ọkọ̀, ọ́síjìn ti gba 98. Ibẹ̀ ló parí sí. Kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà rí ọ̀nà wọ àdúgbò tó wà lọ́rùn, kò sì mọ̀ bóyá èrò kankan sọ̀ níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣeé tàn jẹ. Èéfín sìgá ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì nínú, ìyẹn sì máa ń gba ìjókòó mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́ lórí hemoglóbíìnì. Ẹ̀rọ ìka tó wọ́pọ̀ kò lè fi ojú ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí náà ó lè gbé 98 jáde fún ẹni tó ń mu sìgá, kó sì jẹ́ pé apá kan lára èrò tó kà kì í ṣe ọ́síjìn.

Nọ́ńbà 2 tí mo kọ sókè yẹn kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bíi 98. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìyẹn mílímítà mẹ́kúrì, ó sì ń sọ bí agbára tí ọ́síjìn fi ń ti ara rẹ̀ wọnú ẹran ara ṣe tó. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, létí òkun, ó jẹ́ nǹkan bí 160. Kí ẹ̀jẹ̀ tó kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró, ó ti wálẹ̀ sí bíi 100. Nínú ẹran ara tó dá ṣáṣá, bíi 40 tàbí kó lé díẹ̀ ló wọ́pọ̀. Bó bá ti wálẹ̀ ju 10 lọ, àwọn dókítà á ní ọ́síjìn kò tó níbẹ̀. Bó bá wá já sí 2.5 tàbí kó kéré sí i, ebi ti di ìyàn nìyẹn.

Ibi tí ìyàn ti wá

Jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni wọ́n ń pe èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, ahọ́n, ọ̀nà ọ̀fun, gògóńgò, imú àti àwọn ihò tó yí imú ká. Ti ọpọlọ kò sí lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú orí ni ọpọlọ wà. Ó sì sábà máa ń ràn dé àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, àwọn tó máa ń wú nígbà tí ọ̀fun bá ń dunni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ibi tí ọwọ́ tó yìí ló jẹ́ kí àwọn oníwádìí lè wọn ọ́síjìn inú jẹjẹrẹ yìí ṣáájú ọ̀pọ̀ mìíràn.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i ju bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe lè sáré tẹ̀lé e lọ. Àwọn iṣan tí kókó náà sì ń hù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ gbàrọgùdù ni: òmíràn lọ́ bí ejò, òmíràn ń jò, òmíràn rìn dé àárín ọ̀nà kó tó di pé kò níbi tó ń lọ mọ́. Ní 1955, oníwádìí méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomlinson àti Gray, gé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n sì rí ohun kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe níbi gbogbo. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tò bí okùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ okùn náà kọjá. Okùn tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo inú rẹ̀ ló wà láàyè. Èyí tó bá ti nípọn débi pé láti etí rẹ̀ dé àárín ju 200 máíkírómítà lọ, àárín rẹ̀ ti kú. Máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, nítorí náà nǹkan tí à ń sọ yìí kò tó ìdá mẹ́rin mílímítà kan. Ìrìn tí ọ́síjìn lè rìn kó tó tán lọ́nà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú láàárín kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Àwọn tó wà láàárín òkú àti alààyè ni ọ̀ràn: wọn ò kú, wọn ò sì rí ọ́síjìn tó. Wọ́n kàn ń mú un mọ́ra ni.

Ebi mìíràn tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú jíjìn sí ẹ̀jẹ̀. Iṣan kan lè dí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tún ṣí, kí sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an pàdánù ọ́síjìn lójijì kó sì tún rí i padà. Ẹ má gbàgbé irú kejì yìí, òun ló máa ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́ tó bá yá.

Kí ló kan ìtànṣán nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìtànṣán wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ yìí. Ní 1909, dókítà kan tó ń jẹ́ Gottwald Schwarz ní Vienna ṣàkíyèsí pé tí òun bá fi ohun èlò rédíọ̀mù, tó ń tú ìtànṣán jáde, tẹ awọ apá mọ́lẹ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi rí ibẹ̀ gbà dáadáa, ìtànṣán kì í pa awọ ibẹ̀ lára tó bó ṣe yẹ. Ìgbà yẹn, kò tíì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Lónìí a mọ̀ ọ́n. Tí ìtànṣán bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń dá ọgbẹ́ sí DNA lára. Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí lójú ẹsẹ̀, á so mọ́ ojú ọgbẹ́ yẹn, ọgbẹ́ náà á sì di èyí tí kò ṣeé rán mọ́. Bí kò bá sí ọ́síjìn, ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ náà á san padà, sẹ́ẹ̀lì á sì máa bá ìgbé ayé rẹ̀ lọ.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ́síjìn rárá nílò ìtànṣán tó tó ìlọ́po 2.5 sí 3 èyí tó máa pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ọ́síjìn. Ìgbà tí ọ́síjìn bá sì wálẹ̀ dé nǹkan bíi mílímítà mẹ́kúrì 3 ni ìdajì àǹfààní yẹn ti lọ. Ẹ wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín 0 sí 10 ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe láàárín 90 sí 100 tí ẹ̀rọ ìka ń wò.

Àwọn kan á ní: ṣé kò wá rọrùn, ẹ gbé ọ́síjìn sí aláìsàn nímú kó máa mí i! Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ gbé aláìsàn sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ le ju ti ìta lọ kí ọ́síjìn lè wọra. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn bá ti gba ìjókòó 98 nínú 100, ààyè méjì péré ló kù, ohun tí ó sì lè yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré jọjọ. Ìṣòro náà wà lọ́nà, kò sí nínú ọkọ̀.

Abẹ́rẹ́ tó ń rìn síwájú, tó ń rìn sẹ́yìn

Irinṣẹ́ tí gbogbo àwọn tó kù ń fi ara wọn wé ni abẹ́rẹ́ Eppendorf, tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Ó yẹ ká wò ó dáadáa, torí pé ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ti mọ ìdajì ìṣòro tó wà nínú wíwọn ọ́síjìn.

Abẹ́rẹ́ náà kò nípọn tó ìdajì mílímítà. Wáyà wúrà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, máíkírómítà 12 péré, wà nínú rẹ̀, orí wáyà náà sì wà létí abẹ́rẹ́. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ sí i. Bí ọ́síjìn bá kan wúrà yẹn, á gba ẹ́lẹ́kítírọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, iná á sì ṣàn. Bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń ṣàn á ṣe pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà á ka iná, á sọ ọ́ di mílímítà mẹ́kúrì.

Dókítà á fi oògùn pa awọ ọrùn ní ojú kan kó má bàa dun aláìsàn, á ti abẹ́rẹ́ wọ kókó, ẹ̀rọ á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ á rìn mílímítà 1 síwájú, lójú ẹsẹ̀ á sún mílímítà 0.3 padà sẹ́yìn, á dúró, á kà, á tún tẹ̀ síwájú. Kí ló dé tó fi ń sún sẹ́yìn? Torí pé tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ẹran ara, ó ti tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sì ti fún. Tó bá kà á lójú ibẹ̀, àìtó ọ́síjìn tí òun fúnra rẹ̀ fà ló máa kà. Ìgbésẹ̀ kékeré yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ pé wíwọn fúnra rẹ̀ lè da ohun tí à ń wọ̀n rú.

Tí wọ́n bá ti gba ọ̀nà mélòó kan kọjá nínú kókó kan, wọ́n á ní ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lọ́wọ́. Ibí ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í gbọ́. Kókó kan kò ní nọ́ńbà ọ́síjìn kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ lè ka 35 níbì kan, kó tún rìn díẹ̀ síwájú, kó ka 1. Nítorí náà, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ ni pé nínú gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ kà, ìdá mélòó ló wà ní 2.5 tàbí kó kéré sí i. Ní 2005, àwọn oníwádìí láti ọsibítù oríṣiríṣi lágbàáyé kó àbọ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn 397 jọ, gbogbo wọn ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ yìí wọ̀n kí wọ́n tó gba ìtànṣán. Bí ìdá yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀mí aláìsàn kì í gùn tó. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń jiyàn mọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí kan ìyè àti ikú.

Àbùkù abẹ́rẹ́ ńkọ́? Kò lè dé gbogbo ibi. Kókó tó wà nínú ọ̀fun lọ́hùn-ún kò ṣeé gún bí èyí tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ọwọ́ ẹni tó ń gún un ṣe pàtàkì. Èyí tó burú jù nínú wọn ni pé kò mọ òkú yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa. Tó bá wọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti kú, 0 ló máa kà. Tó bá wọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì wà láàyè tí kò rí ọ́síjìn, 0 náà ló máa kà. Èyí àkọ́kọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, èkejì ló ń bọ̀ wá hù padà.

Oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò lè mí

Láti yanjú ìyẹn, àwọn onímọ̀ yíjú sí irú oògùn kan tí wọ́n ń pè ní nítíróímídásóòlù. Ìwà rẹ̀ ló jẹ́ kó wúlò. Ó máa ń wọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, kì í yan èyí tó máa wọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ẹ́ńsáìmù á fún un ní ẹ́lẹ́kítírọ̀nù kan. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, á já ẹ́lẹ́kítírọ̀nù yẹn gbà padà, oògùn á sì jáde bó ṣe wọlé. Bí kò bá sí ọ́síjìn, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn á tún yí padà sí i, á wá lẹ̀ mọ́ nǹkan inú sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní lè jáde mọ́. Òkú sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́, torí náà oògùn kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Alààyè tí ebi ọ́síjìn ń pa nìkan ló ń mú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lo ìwà yìí. Èkíní, wọ́n á fa pimonidazole, ọ̀kan lára àwọn oògùn yìí, sí aláìsàn lára, lọ́jọ́ kejì wọ́n á gé bíńtín nínú kókó, wọ́n á fi nǹkan aláwọ̀ tó mọ pimonidazole í dá mọ̀ sí i, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibi tí ọ́síjìn ti wà lábẹ́ 10 á gba àwọ̀. Ohun tí ẹ máa rí rẹwà lójú, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀: iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ́ẹ̀lì tí kò gba àwọ̀ yí i ká, lẹ́yìn náà àwọ̀ á máa ki sí i bí a ṣe ń jìnnà sí ẹ̀jẹ̀, títí á fi kan àgbègbè òkú tí àwọ̀ ti pa rẹ́. Ohun tí Thomlinson àti Gray fi ìṣirò mọ̀ ní 1955, ojú la fi ń rí i báyìí. Ṣùgbọ́n bíńtín tí wọ́n gé kò lè ròyìn gbogbo kókó, kò sì lè sọ ibi tó yẹ kí ìtànṣán dojú kọ.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí dókítà inú ìtàn wa lò: àwòrán PET, tí ẹ̀rọ ń yà nípa wíwo ìtànṣán tó ń ti inú ara jáde. Wọ́n á so fuloríìnì-18, tó ń tú ìtànṣán díẹ̀ jáde, mọ́ oògùn irú yìí kan náà. FMISO ni èyí tó ti pẹ́ jù tí wọ́n sì lò jù. FAZA àti HX4 jẹ́ àbúrò rẹ̀. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́, á lọ jókòó, nǹkan bíi wákàtí 2 sí 4, kí oògùn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ọ́síjìn lè ráyè jáde. Wọn ò sì lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ní gbogbo ìṣẹ́jú 110 ni ìdajì agbára fuloríìnì-18 ń lọ. Lẹ́yìn náà ni aláìsàn á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ti rí àwòrán PET tí wọ́n fi ṣúgà ṣe tẹ́lẹ̀, níbi tí jẹjẹrẹ ti ń tàn yòò bí iná, máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni èyí náà á ṣe rí. Rárá o. Ti FMISO máa ń ṣú. Wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ inú kókó wé ti inú ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà. Bí ti kókó bá fi ìdá díẹ̀ ju tibẹ̀ lọ, bíi ìlọ́po 1.2 sí 1.4, ọ̀pọ̀ oníwádìí á ti ní ọ́síjìn kò tó níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé ìwòsàn kan lè fi ààlà rẹ̀ sí 1.2, kí òmíràn fi í sí 1.4. Aláìsàn kan náà lè jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́hùn-ún, kó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" níbí. Àwọn méjèèjì kò ṣe màkàrúrù. Ààlà ló yàtọ̀.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ nípa àwòrán yìí ni pé ojú rẹ̀ kò mú tó bí ìyàn náà ṣe kéré. Ojú kan ṣoṣo tí PET lè dá mọ̀ fẹ̀ tó mílímítà 4 tàbí 5. Okùn sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ níṣàájú, bíi mẹ́wàá wọn lè tò síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú pẹ̀lú àjẹyó tirẹ̀ àti ìyàn tirẹ̀. Àròpọ̀ wọn ni àwòrán ń fi hàn. Ibi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lè jẹ́ ibi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti ń jìyà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibi tí ìdá kan ti ń kú lọ tí àwọn tó kù ń gbádùn.

Iṣan tó ń dí tó ń ṣí ńkọ́? Òun náà wà níbẹ̀. Kókó tí wọ́n yà ní ọjọ́ Ajé lè yàtọ̀ sí i ní ọjọ́bọ̀. Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ tún ń yí i padà, torí pé bí ìtànṣán bá ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn á rí ààyè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Àwọn oníwádìí ní Dresden, Jámánì, ya àwòrán àwọn aláìsàn ṣáájú ìtọ́jú àti láàárín ìtọ́jú, wọ́n sì rí i pé èyí tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ kìíní sí ìkejì ló sọ òótọ́ nípa ọjọ́ iwájú ju èyí tí wọ́n yà ṣáájú lọ. Ó yé mi. Kókó tí ìyàn kò tíì tán nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìtànṣán, ó lágídí nìyẹn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí mi ò ní fi gùn ún. Wọ́n lè wá pròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n, bíi HIF-1 tí àwọn tó ṣàwárí ètò rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ebi ọ́síjìn náà lè gbé e sókè. Wọ́n lè ka jíìnì mélòó kan pọ̀ nínú bíńtín tí wọ́n gé. Àwọn ará Aarhus ní Denmark yan 15. Ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, náà lè wo bí àwòrán ṣe ń yí tí aláìsàn bá ń mí ọ́síjìn gidi símú, kò sì sí ohun tó ń tú ìtànṣán jáde nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò wọ̀n ọ́n

Oògùn kan wà, tirapazamine. Sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ọ́síjìn ló ń pa jù. Èyí tó ní ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Ní 2006, àwọn oníwádìí ní Ọsirélíà gbé àbọ̀ kékeré kan jáde. Wọ́n ti fi FMISO wo aláìsàn 45 kí wọ́n tó pín wọn sí ìtọ́jú. Aláìsàn 32 nínú wọn ló ní ìyàn ọ́síjìn nínú kókó. Nínú 13 tí kò gba tirapazamine, jẹjẹrẹ 8 padà wá tàbí kò lọ lọ́rùn àti agbègbè rẹ̀. Nínú 19 tó gbà á, ẹni 1 péré.

Gbogbo ènìyàn ló ní ìrètí. Wọ́n ṣe ìwádìí ńlá, aláìsàn 861, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010. Òfo. Àwọn tó gba oògùn náà kò yè ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Kí ló yí padà láàárín ìwádìí méjèèjì? Ọ̀pọ̀ nǹkan, àwọn kan tilẹ̀ di ẹ̀bi ru ìtànṣán tí wọn kò ṣe dáadáa ní àwọn ilé ìwòsàn kan. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn gbangba: nínú ìwádìí ńlá, wọn kò yan aláìsàn nípa ọ́síjìn. Ẹni tí kókó rẹ̀ ń jìyà ìyàn àti ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ àjẹyó, gbogbo wọn ni wọ́n fún ní oògùn ìyàn. Lójú tèmi, àbọ̀ méjèèjì yìí ló yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè pé kí là ń wọn ọ́síjìn fún kọ́kọ́ gbọ́.

Ti nimorazole ní Denmark fara jọ ọ́. Oògùn yẹn ń ṣe bí ọ́síjìn níwájú ìtànṣán. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi aláìsàn 422 ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1998, jẹjẹrẹ dáwọ́ dúró lọ́rùn fún ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, ìdá 33 nínú àwọn tí kò lò ó. Nígbà tí àwọn ará Aarhus fi jíìnì 15 wọn wo bíńtín tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti ìgbà yẹn, àwọn tí jíìnì wọn fi ìyàn hàn ni oògùn náà ṣe lóore. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré yọ̀: ìwádìí NIMRAD tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà kò rí àǹfààní yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n lo jíìnì láti fi yẹ ìyàn wò. Ìdí ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré lára aláìsàn, ìtànṣán kì í ṣiṣẹ́ tó. Ìyẹn ti hàn tipẹ́. Ó wá dà bíi pé kí a kàn fi oògùn tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, ìyẹn epoetin, gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Wọ́n fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ní oògùn náà nínú ìwádìí aláìsàn 351 tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2003. Ẹ̀jẹ̀ gòkè lóòótọ́. Àwọn tó gbà á ló sì ṣe burú jù. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, ti inú kókó kò gbọ́ràn. A sì tún bẹ̀rẹ̀ síí fura pé oògùn ẹ̀jẹ̀ lè máa bọ́ jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ọ́síjìn wà

Títí di báyìí, bíi pé ẹni tí ọ́síjìn kò tó nínú kókó rẹ̀ nìkan ni wíwọ̀n wà fún ni mo ń sọ̀rọ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni èyí tó ń mú ìròyìn ayọ̀ wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun kan wà tí kòkòrò HPV ń fà, ìtànṣán sì máa ń borí rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ìwọ̀n ìtànṣán kan náà, 70 Gray (Gray ni wọ́n fi ń ka bí ìtànṣán ṣe pọ̀ tó), ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní i bíi ti àwọn tó kù. Ìwọ̀n yẹn máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu títí láé fún àwọn kan, ó ń mú kí gbígbé nǹkan mì nira. Ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, wọ́n yọ kókó tó wà lọ́fun fún irú àwọn aláìsàn yìí, wọ́n sì fi FMISO wo èyí tó kù lọ́rùn. Bí kò bá sí ìyàn níbẹ̀ ṣáájú, tàbí tó wà níbẹ̀ tó sì lọ kíákíá lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, 30 Gray ni wọ́n fún aláìsàn pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì dá ìtànṣán dúró síbẹ̀. Nínú aláìsàn 152, 128 ló bọ́ sí ìsọ̀rí yìí. Lẹ́yìn ọdún 2, jẹjẹrẹ kò padà sí agbègbè ọrùn fún ìdá tó lé ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìdajì ìtànṣán wọn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti dín kù, torí àwòrán kan.

Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni ìyẹn ṣì jẹ́ o, kì í ṣe òfin fún gbogbo ayé. Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá ń fún ní 70 Gray kò rí ìtọ́jú àtijọ́ gbà.

Tí ẹ bá wá bá ara yín nínú yàrá yẹn, tí dókítà ní ọ́síjìn kò tó nínú kókó, ẹ lè bi í pé irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọjọ́ wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n, àti pé ṣé àbọ̀ yẹn máa yí nǹkan kan padà nínú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣòro jù fún dókítà láti dáhùn, torí pé ní ọ̀pọ̀ ọsibítù lágbàáyé, inú ìwádìí ni wíwọn ọ́síjìn inú kókó ṣì wà, kò tíì di ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ rẹ̀ fún yín rárá, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé yín. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ṣì ń mu sìgá nígbà tí ìtànṣán ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn kò nílò ẹ̀rọ kankan: gbogbo ìjókòó tí èéfín bá gbà lórí hemoglóbíìnì, ọ́síjìn tí kò ní dé inú kókó ni, nọ́ńbà orí ìka ì báà jẹ́ 98.